Ikú Nínú Àwòrán Òkè àti Odò: Àwọn Ayàwòrán Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Láàárín nǹkan bí ọdún 1825 sí 1875, àwọn ayàwòrán kan ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà sọ àwòrán òkè, odò, igbó àti ojú ọ̀run di ibi tí wọ́n ti ń bá ikú rojọ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ní fún ìbẹ̀rù ikú, ìyẹn ni pé ènìyàn a máa kú ṣùgbọ́n ilẹ̀ a máa wà, àti pé ẹni tí ó bá kú ń padà sínú ohun tí kì í kú. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé ohun tí ojú ìdáhùn yẹn rí bí ọdún ti ń gorí ọdún: bí ó ṣe tu àwọn ènìyàn nínú nígbà tí igbó ṣì pọ̀, àti bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán fúnra wọn nígbà tí ogun dé, tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yí padà, tí àáké sì fi hàn gbangba pé igbó pàápàá ń kú.

Àwòrán ojú-ilẹ̀ ni wọ́n ń pe àwòrán tí ilẹ̀, omi àti ọ̀run jẹ́ kókó rẹ̀ gan-an, tí ènìyàn tí ó bá wà nínú rẹ̀ kò sì ju àmì kékeré lọ. Ní Yúróòpù, fún ìgbà pípẹ́, wọn kò ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kún tó àwòrán ìtàn, nínú èyí tí àwọn ọba, jagunjagun àti àwọn ènìyàn inú Bíbélì ti ń ṣe ohun ńlá. Ìrònú tí wọ́n ń pè ní Romantic ni ó yí èyí padà láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, nítorí ó gbé ìmọ̀lára ọkàn, ìyanu àti ìdáwà ga ju ìṣirò làákàyè lọ. Edmund Burke, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ireland, ti la ọ̀nà sílẹ̀ ní 1757 nínú ìwé tí ó ti sọ pé ohun kan wà tí ó yàtọ̀ sí ẹwà lásán, ohun tí ó tóbi, tí ó ṣókùnkùn, tí ó lè pani, síbẹ̀ tí ó ń dùn mọ́ ẹni tí ó ń wò ó láti ibi tí ewu rẹ̀ kò lè dé. Ẹwà abanilẹ́rù ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò máa pè é. Ikú ti wà nínú èrò náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, torí pé ohun tí kò lè pani kì í bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Hudson River School ni orúkọ tí àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà wọ̀nyí ń jẹ́ lónìí. Wọn kò ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni odò Hudson tí ó ń ṣàn wá sí New York, àwọn òkè Catskill tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń bá ara wọn ṣe. Orúkọ náà kò tilẹ̀ wọ́pọ̀ títí di ẹ̀yìn 1870, nígbà tí àwọn aṣelámèyítọ́ tí ọkàn wọn ti fà sí àwòrán ilẹ̀ Faransé ń fi ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́.

Thomas Cole ni aṣíwájú wọn. Bolton ní Lancashire, ní England, ni wọ́n bí i sí ní 1801, ní àgbègbè ilé iṣẹ́ aṣọ, iṣẹ́ tí ó sì kọ́kọ́ kọ́ ni fífín àwòrán tí wọ́n fi ń tẹ ara aṣọ. Ìdílé rẹ̀ kó wá sí Amẹ́ríkà ní 1818. Ní 1825 ó gòkè odò Hudson dé Catskill, nígbà tí ó sì padà sí New York, àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́ta tí orúkọ wọn ti múlẹ̀, John Trumbull, William Dunlap àti Asher B. Durand, ra àwòrán rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fo ibi tí ó ti wá: ọmọ tí ó dàgbà láàárín ẹ̀rọ àti èéfín ni ó kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà láti wo igbó tiwọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó lè tán.

Nínú àwòrán ìtàkìtì omi Kaaterskill tí Cole yà ní 1826, ó yọ ohun tí wọ́n ti kọ́ síbẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kúrò pátápátá, ó sì fi ènìyàn kan ṣoṣo sórí àpáta, ọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Ìgbà ìwọ́wé ni, ewé igi sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tí ó bá wo àwòrán náà yóò rò pé ọkùnrin yẹn ń rẹ̀ dànù bí ewé, pé ìṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ ni ó ń mú ẹ̀yà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣẹ̀dá ni ó ṣe òfin ọdún 1830 tí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà fi fún ìjọba láṣẹ láti kó àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn odò Mississippi. Ọ̀fọ̀ àwọn tí ó ṣì wà láàyè ni àwòrán náà ń ṣe, kò sì sẹ́ni tí ó lè fi ẹ̀bùn ọwọ́ Cole bo àléébù yìí mọ́lẹ̀, nítorí léraléra ni ó tún ń jáde nínú iṣẹ́ àwọn tí ó tẹ̀ lé e.

Igi gbígbẹ ni àmì ikú tí Cole fẹ́ràn jù: igi tí àrá ti sán pa, tí orí rẹ̀ ti ṣẹ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì lọ́ mọ́ àpáta bí ọwọ́ ẹni tí kò fẹ́ lọ. Ọ̀dọ̀ Salvator Rosa, ayàwòrán ará Ítálì ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni ó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún un ní iṣẹ́ tuntun. Àwọn ará Yúróòpù a máa fi àwókù ilé olódi àti ilé ìsìn àtijọ́ rántí pé ohun gbogbo ní òpin. Amẹ́ríkà àwọn òyìnbó kò ní irú àwókù bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí igi gbígbẹ fi gba ipò ilé wíwó. Cole fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àìsí àwókù yìí nínú àròkọ kan tí ó gbé jáde ní 1836 lórí ojú-ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì sọ pé igbó tí ọwọ́ kò tíì kàn ni ohun tí orílẹ̀-èdè náà ní tí Yúróòpù kò ní mọ́. Inú àròkọ kan náà ni ó ti dárò pé àáké ń pa ẹwà yìí run lójoojúmọ́.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ó ya àwòrán kọ́rọ́ odò Connecticut tí wọ́n mọ̀ sí The Oxbow, èyí tí ó wà ní Metropolitan Museum ní New York lónìí. Ó pín àwòrán náà sí méjì lójú ẹni. Ní apá òsì, ìjì ń kọjá lọ lórí igbó dúdú, igi ṣíṣẹ́ kan sì dúró níwájú. Ní apá ọ̀tún, oòrùn ń ràn sórí oko tí wọ́n ti tò rẹ́gírẹ́gí, tí odò yí po. Láàárín àpáta ni Cole ya ara rẹ̀ sí, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ń kánjú kò ní rí i, ó ń yàwòrán lọ́wọ́, ó sì yíjú wo ẹni tí ó ń wo àwòrán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka àwòrán yìí sí orin ìyìn fún ìtẹ̀síwájú, pé ìjì ń lọ, oko sì ń bọ̀. Ojú tí ayàwòrán yẹn yí padà kò jọ ti ẹni tí ó ń kọrin ìyìn.

Iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí jù lákòókò yẹn ni àwòrán márùn-ún tí ó pè ní The Course of Empire, ìyẹn ìdìde àti ìṣubú ìjọba ńlá kan, tí ó parí ní 1836. Luman Reed, oníṣòwò New York tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà, kú ní ọdún yẹn kí iṣẹ́ tó parí. Láti ìgbà àwọn ọdẹ, dé ti àwọn darandaran, dé ìgbà tí ìlú kún fún òkúta funfun àti ògo, dé ìgbà tí ogun jó o, dé ìgbà tí òpó kan ṣoṣo kù tí ewéko gùn lórí, òkè kan náà tí àpáta ńlá wà ní góńgó rẹ̀ ni ó ń hàn lẹ́yìn nínú gbogbo wọn. Ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn kò tíì fara hàn kedere jù báyìí lọ rí: ìjọba a máa kú, òkè a máa wo ìran.

Ọ̀tọ̀ ni ti The Voyage of Life, àwòrán mẹ́rin nípa ìrìn-àjò ẹ̀dá láyé, tí ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lé lórí. Samuel Ward, oníbáńkì kan ní New York, ni ó bẹ Cole ní iṣẹ́ náà, ó sì kú ní 1839. Cole parí rẹ̀ ní 1840. Nínú àwòrán kìíní, ọkọ̀ ojú omi kan jáde láti inú ihò àpáta, ọmọ ọwọ́ wà nínú rẹ̀ láàárín òdòdó, áńgẹ́lì sì ń tọ́ ọkọ̀. Ní orí ọkọ̀ ni ère kan wà tí ó gbé ìgò oníyanrìn dání, irú ìgò tí yanrìn ń dà láti ìdajì òkè rẹ̀ sí ìdajì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń ka àkókò. Nínú èkejì, ọmọ ti di ọ̀dọ́, ó ti gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ áńgẹ́lì tí ó dúró sí etí odò, ó sì nawọ́ sí ààfin funfun kan tí ó léfòó lójú ọ̀run. Odò náà kò ṣàn lọ sí ìdí ààfin yẹn; ó yà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ náà kò wo odò. Nínú ẹ̀kẹta, ó ti di àgbà ọkùnrin, ìtọ́kọ̀ ti já, omi ń ru gùdù láàárín àpáta, ó sì ń gbàdúrà láìmọ̀ pé áńgẹ́lì ń wo òun láti inú ìkùukùu lẹ́yìn. Nínú ẹ̀kẹrin, arúgbó jókòó sínú ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ lójú omi òkun tí ó dákẹ́, ère tí ó gbé ìgò yanrìn ti ṣẹ́ dànù, ìmọ́lẹ̀ sì là láti òkè.

Kókó tí àwọn aṣelámèyítọ́ kì í sábà dúró lé ni bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń dínkù láti àwòrán dé àwòrán. Òdòdó pọ̀ ní ti ọmọ ọwọ́, igi gíga pọ̀ ní ti ọ̀dọ́, igi ṣíṣẹ́ ni ó wà ní ti àgbà, nígbà tí ó sì fi máa di ti arúgbó, kò sí ewé kan mọ́, àpáta dúdú mélòó kan nìkan ni ó kù ní igun. Ayàwòrán ojú-ilẹ̀ tí ó tóbi jù ní Amẹ́ríkà mú ojú-ilẹ̀ kúrò nínú àwòrán nígbà tí ikú dé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Cole náà gbà pé ọjà ni ayé, ṣùgbọ́n kò ya ilé náà, ìmọ́lẹ̀ ni ó yà, àwọn òkè tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ fẹ́ràn kò sì bá arúgbó náà lọ. Onígbàgbọ́ ni Cole, ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Kristi sì ti ń ju ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú ìṣẹ̀dá lọ ní àkókò yìí.

Ohun tí àwọn ènìyàn wá fi iṣẹ́ náà ṣe ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí ó ń jẹ́ American Art-Union, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá owó lọ́dọọdún láti gba àwòrán àti láti jẹ tẹ́tẹ́ fún iṣẹ́ ọnà ńlá, fi àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ẹ̀bùn tẹ́tẹ́ ní 1848. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà wá tẹ ẹ̀dà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní 1849, ti ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ọ̀pọ̀ ilé gbé ààfin ojú ọ̀run kọ́ sára ògiri, tí odò tí ó yà, ọkọ̀ tí ó fọ́ àti arúgbó kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Cole kú ní Catskill ní oṣù Kejì 1848, ẹni ọdún 47. Akéwì William Cullen Bryant, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí ewì rẹ̀ Thanatopsis tí ó jáde ní 1817 ti sọ ilẹ̀ di ibojì kan tí gbogbo ènìyàn jọ ń sùn sí, ni ó sọ ọ̀rọ̀ ìdárò rẹ̀ ní New York. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e Durand ya Kindred Spirits, nínú èyí tí Cole àti Bryant dúró sórí àpáta kan láàárín òkè Catskill, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lára igi ní apá òsì. Kò sí ibi kankan ní Catskill tí ènìyàn lè dúró sí kí ó rí ohun tí àwòrán náà fi hàn; Durand kó ibi tí Cole fẹ́ràn jọ síbi kan ni. Àwòrán ìsìnkú ni, láìsí pósí, láìsí omijé. Àwọn ará ìlú náà ń ṣe irú nǹkan yìí pẹ̀lú òkú tiwọn: láti 1831, nígbà tí wọ́n ṣí itẹ́ òkú Mount Auburn lẹ́bàá Boston, àti 1838, nígbà tí wọ́n dá Green-Wood sílẹ̀ ní Brooklyn, ìsìnkú ti ń kúrò ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì tí ó há lọ sí ọgbà olókè tí ó ní igi àti adágún, tí àwọn alààyè sì ń lọ ṣeré níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

Frederic Edwin Church, tí a bí ní Hartford ní 1826, ni akẹ́kọ̀ọ́ Cole tí ó lókìkí jù, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdáhùn àtijọ́ náà sì ti kọ́kọ́ mì. Ìwé Alexander von Humboldt, onímọ̀ ìṣẹ̀dá ọmọ Jámánì, ni ó rán an lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1853 àti 1857. Humboldt gbà pé gbogbo ohun tí ó wà, láti ewéko ilẹ̀ olóoru títí dé yìnyín orí òkè, jẹ́ ẹ̀dá kan ṣoṣo tí ó wà létòlétò. Church fi èrò yìí ya The Heart of the Andes ní 1859, àwòrán tí ó fẹ̀ ní nǹkan bí mítà mẹ́ta, tí ó ju ẹgbàá mẹ́fà ènìyàn lọ san sẹ́ǹtì 25 láti wò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní New York. Nínú gbogbo títóbi yẹn, ènìyàn méjì péré ni ó wà níwájú, wọ́n sì wà níbi àgbélébùú kan lẹ́bàá ọ̀nà. Church fẹ́ kí àwòrán náà dé Berlin kí Humboldt lè rí i, ṣùgbọ́n àgbà náà kú ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Ní oṣù Kọkànlá, Charles Darwin gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí orísun àwọn ẹ̀yà ẹ̀dá, nínú èyí tí ìjàkadì àti ikú ti jẹ́ irin iṣẹ́ ìṣẹ̀dá gan-an. Ọdún kan ṣoṣo ni ó gba àwòrán náà, ikú Humboldt àti ìwé Darwin.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Church pàtẹ The Icebergs, àwòrán òkè yìnyín tí kò ní ewé kan, ẹyẹ kan tàbí ènìyàn kan nínú. Ọjọ́ méjìlá péré ni ó tẹ̀ lé ìbọn àkọ́kọ́ Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹrin 1861, kò sì sí ẹni tí ó rà á. Kí ó tó gbé e lọ sí London ní 1863, ó fi òpó ọkọ̀ kan tí ó ṣẹ́ kún iwájú rẹ̀. Òpó yẹn sọ àwọn òkú tí àwòrán náà kò fi hàn, ó sì fún ẹni tí ń wò ó ní ohun tí yóò fi wọn títóbi yìnyín. Síbẹ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ yà láìsí òpó ni ó dẹ́rù bani jù, nítorí ayé tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn wà ni. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ní England rà á, ojú ayé sì gbàgbé rẹ̀ títí wọ́n fi rí i ní Manchester ní 1979. Dallas ni ó wà báyìí. Ní 1862, Church ya Cotopaxi, òkè tí ń yọ iná ní Ecuador, tí oòrùn pupa ń wo ilẹ̀ láti inú èéfín, nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń para wọn lọ́pọ̀ yanturu.

Ní oṣù Kẹta 1865, àrùn ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní diphtheria pa ọmọ méjì tí Church àti ìyàwó rẹ̀ bí, Herbert àti Emma, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Àwọn òbí náà lọ sí Jamaica, Church sì ń yàwòrán níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àwòrán ńlá tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní 1866, Rainy Season in the Tropics, ní òṣùmàrè oníbejì tí ó na láti òkè dé òkè. Ó dára, ó sì tàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ọdún náà tí ó lè wò ó láìrí bí òṣùmàrè yẹn ti ń tiraka láti mú ilẹ̀ fífọ́ méjì pọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí Church bẹ ìṣẹ̀dá láti tù ú nínú pẹ̀lú ohùn gíga bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ayàwòrán ni ó láǹfààní láti wo odò gẹ́gẹ́ bí àmì ayérayé nìkan. Robert S. Duncanson, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ òmìnira láti ìbí, ṣiṣẹ́ ní Cincinnati, níbi tí odò Ohio ti pààlà láàárín ilẹ̀ òmìnira àti Kentucky tí ìsìnrú wà. Ní 1851 ó ya Blue Hole, Little Miami River, omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ tí àwọn apẹja mélòó kan wà létí rẹ̀. Little Miami ń ṣàn lọ sínú Ohio. Fún àwọn tí ń sá fún ìsìnrú, ìhà ibi tí ènìyàn dúró sí létí Ohio ni ó pinnu bóyá ó lómìnira, ìdákẹ́ omi Duncanson kò sì lè jẹ́ irú ìdákẹ́ kan náà pẹ̀lú ti Cole. Ní 1863, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ó kó lọ sí Canada.

Sanford Gifford ni ó wá ya àwòrán tí ìdáhùn àtijọ́ náà ti yí padà pátápátá. Òun náà ṣe sójà nínú ogun yẹn, àbúrò rẹ̀ kan sì kú lẹ́nu iṣẹ́ ogun ní 1863. Nínú Hunter Mountain, Twilight, tí ó yà ní 1866, òkè Catskill kan dúró ní dúdú lẹ́yìn, oṣù lẹ́ tín-ín-rín lójú ọ̀run aláwọ̀ ọsàn, ilé oko kan wà ní ìsàlẹ̀, gbogbo iwájú àwòrán sì kún fún kùkùté igi. Kì í ṣe àrá ni ó pa àwọn igi wọ̀nyí. Igi hemlock pọ̀ ní Catskill, èèpo rẹ̀ sì ní oje tí ń sọ awọ tútù di awọ bàtà àti gàárì. Àwọn oníṣẹ́ awọ a máa gé igi náà, wọ́n a bó èèpo rẹ̀, wọ́n a sì sábà fi igi náà sílẹ̀ kó jẹrà. Nínú àwòrán Cole, igi kú gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń kú, nípa ìjì àti ọjọ́ orí. Nínú ti Gifford, ènìyàn ṣì wà láàyè nínú ilé rẹ̀, iná alẹ́ ń bọ̀, igbó ni ó kú.

Oníṣòwò bébà ara ògiri kan, James Pinchot, ni ó ra àwòrán náà. Inú gẹdú ni ìdílé tirẹ̀ ti rí owó ní Pennsylvania. Ó ti fi orúkọ Gifford sọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1865, ọmọ náà sì ni Gifford Pinchot, ọ̀gá àkọ́kọ́ fún iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó igbó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905. Ní 1885, ìpínlẹ̀ New York ti ṣe òfin tí ó dáàbò bo igbó ìjọba ní Catskill àti Adirondack. Nígbà yẹn, hemlock ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn oníṣẹ́ awọ sì ti ń kógbá sílé, igi mìíràn sì ń hù dípò rẹ̀. Igbó tí ó bo púpọ̀ nínú àwọn òkè náà lónìí kì í ṣe èyí tí Cole bá níbẹ̀ ní 1825. Èrò Gifford Pinchot àti ti Cole kò sì dọ́gba, nítorí Cole fẹ́ kí àáké kúrò nídìí igi, Pinchot sì gbà pé ohun ọ̀gbìn ni igbó, tí ó yẹ kí wọ́n máa gé ní ìwọ̀n tí yóò fi tún hù. Àríyànjiyàn lórí igbó Amẹ́ríkà ṣì wà láàárín èrò méjèèjì yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbà mọ́ pé igbó lè máa wà títí láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ.